Ojú Ìwé Mẹ́rin tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé yẹn. Mo dà á sínú atẹ, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo ń yọ òkúta rẹ̀ àti èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Kì í ṣe pé ebi ń pa mí. Mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ mi rí nǹkan ṣe ni, kí ọkàn mi má baà sáré ju aago lọ. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni a óò ka kéú wa lórí fóònù, èmi sì ni ẹnì kẹta tí yóò kà. Ẹ̀wà náà kò ju ife kan lọ, nítorí èmi nìkan ni mo fẹ́ jẹ ẹ́, síbẹ̀ mo fi ogójì ìṣẹ́jú ṣà á.

Orozo, ní Abuja, ni mò ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, nínú ọgbà tí àwa ayálégbé mẹ́rin wà. Ó pé ọdún mẹ́rin tí ọkọ mi ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí wà ní Èkó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Kọ́tìnì ni mò ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Durumi. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé kò sí fèrèsé tí mo wọ̀n tí kọ́tìnì rẹ̀ gùn jù tàbí kó kúrú. Òótọ́ ló sọ. Mo fẹ́ràn kí nǹkan ṣe déédéé.

Bí mo ṣe ń ṣe kọ́tìnì ni mò ń ṣe dátà. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, òun ló ń rà á sórí fóònù àwa méjèèjì, n kì í sì bi í ní iye tó rà. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo dá a rà, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi tán. Mo gbà pé wọ́n jí i ni. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ilé tó kàn mí nínú ọgbà wa ló là mí lọ́yẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Abuja ni wọ́n bí i sí, báńkì ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ó máa ń gbọ́ Yorùbá mi délẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá máa fèsì, àdàlù ló máa ń sọ. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Kai! Mọ́mì! Fídíò tó wà nínú fóònù yìí ju igba lọ o! Ta ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí yín?”

“Gúrúùpù àwọn ará ìlú wa ni. Mi ò tiẹ̀ wo ìkankan nínú wọn.”

“Ẹ ò wò ó, ṣùgbọ́n fóònù ń gbé e wọlé fún yín. Bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ ló ń gbé e wọlé. Ẹ̀yin ń sùn, òun ń jẹ dátà. Kò sí olè kankan níbẹ̀.”

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń sọ fún fóònù pé kí àwòrán àti fídíò má wọlé àfi tí mo bá fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń dí àwọn àápù tí n kò ṣí, kí wọ́n má baà máa mu dátà lábẹ́lẹ̀, àti bí a ṣe ń dá wọn dúró kí wọ́n má máa tún ara wọn ṣe láìgbàṣẹ. Èyí tó kẹ́yìn nínú ohun tó kọ́ mi ni mo fẹ́ràn jù: òdiwọ̀n. Mo lè kọ iye tí mo fẹ́ lò lóṣù kan sínú fóònù, bí iye náà bá sì ti pé, fóònù yóò pa dátà fúnra rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kó kàn máa wọ́ọ̀nù yín,” ni ọmọ náà wí. “Èyí tó ń pa á yẹn, ó le jù.”

“Jẹ́ kó pa á,” ni mo dá a lóhùn. “Ta ni ìkìlọ̀ ń dá dúró?”

Láti ìgbà náà, bí mo bá ra gíìgì márùn-ún, mẹ́rin àbọ̀ ni mo máa ń fi ṣe òdiwọ̀n. Àbọ̀ tó kù, mo fi pamọ́ fún ohun tó bá yọjú lójijì. Mo wọn ohun gbogbo tí mò ń ṣe lórí fóònù náà. Mo mọ̀ pé wákàtí kan kíláàsì kéú wa kì í gbà ju bí ogójì mẹ́gà lọ, nítorí ohùn nìkan ni a ń lò. Kíláàsì yẹn ni mo ń tìtorí rẹ̀ ra dátà.

Mo bẹ̀rẹ̀ kéú ní kékeré ní ìlú wa, kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé girama, bàbá mi ní kí n gbájú mọ́ ọ̀kan, wàláà mi, pákó tí mo fi ń kọ kéú, sì fara ti ògiri títí ikán fi jẹ ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe wòlímọ̀, ìyẹn àjọyọ̀ ìparí kéú. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó síwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn òbí wọn. Èmi ni mo ń gbé àwo ìrẹsì fún àwọn àlejò. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, síbẹ̀ mo rántí ẹni tí mo gbé àwo kọ̀ọ̀kan fún.

Ọdún kan lẹ́yìn ikú ọkọ mi ni mo gbọ́ pé Ààfáà kan ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéú lórí fóònù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, mo sì tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà. Ata ló ń lọ̀ ní Kado, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja, ó sì máa ń kọ́ wa nígbà tí kò bá sí èrò. Àwa mọ́kànlá ni a wà níbẹ̀, a fọ́n ká sí gbogbo Abuja, n kò sì rí ojú ju mẹ́ta lọ nínú wọn. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó ní òun yóò mú ojú ìwé márùn-ún fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wa. Ẹni tó bá kà á yọrí yóò ṣe wòlímọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá kà á yọrí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò kà.

Bí a ṣe ń kà á nìyí: ohùn ẹni tó ń kà nìkan ló ń jáde, àwa yòókù yóò pa tiwa. Ààfáà náà kì í sọ̀rọ̀. Bí o bá ṣìṣe, yóò ní, “Ẹ padà, Ìyá,” ìwọ yóò sì padà sí ibi tí o ti ṣìṣe. Bí o kò bá ṣìṣe, kò ní wí nǹkan kan títí o fi parí. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ń wá. Fún ojú ìwé márùn-ún yìí, “Ẹ padà” márùn-ún ni ó yọ̀ǹda fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìkẹfà ni ìjákulẹ̀.

Mo kí ìrun tán, mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo ṣí ìwé kéú mi. Mo pa gbogbo ìró fóònù pátá, ti ìpè àti ti ìfiránṣẹ́, kí ohunkóhun má baà dá mi lọ́wọ́ kọ́. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí àpótí kékeré, kí iná rẹ̀ má baà fa ojú mi kúrò nínú ìwé. Ẹni kìíní kà, ó gba mẹ́rin. Ẹnì kejì kà, ó gba méjì. Ààfáà wá pè mí, mo ṣe Bísímílà, mo bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlà kẹrin ojú ìwé kìíní, ó ní, “Ẹ padà, Ìyá.” Mo padà. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo ṣí ojú ìwé kejì. Ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń kọsẹ̀ sí nígbà gbogbo. Mo kà á kọjá, mo dúró díẹ̀, mo ń retí rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Mo ka ojú ìwé kẹta, mo bọ́ sí ìkẹrin. Ara mi ti fúyẹ́. Ohùn tí mò ń gbọ́ lẹ́nu ara mi kò jọ tèmi. Mo rò ó pé àwọn obìnrin mẹ́wàá ló ń gbọ́ mi níbi tí wọ́n wà, pé ẹnìkan ti gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, pé ẹlòmíràn ti dẹ́kun àtikoná. Kò sí ẹni tó tíì fetí sí mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo ka ẹsẹ tó kẹ́yìn ojú ìwé karùn-ún, mo pa ìwé dé, mo dúró kí Ààfáà sọ̀rọ̀.

A kì í sọ̀rọ̀ kí Ààfáà tó sọ̀rọ̀. Mo dúró. Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ ẹnìkan lẹ́yìn ògiri. Mo tilẹ̀ rò ó, kí Ọlọ́hun foríjì mí, pé bóyá orí Ààfáà ló wú tí kò fi lè fọhùn. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ mi ń kú lọ, mo na ọwọ́, mo yí fóònù náà padà.

Ó ti kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òdiwọ̀n tí mo fi sílẹ̀ ti pé, òun sì ti dá dátà dúró bí mo ṣe pàṣẹ. Ìpè méjì tí n kò gbé wà lábẹ́ rẹ̀. Ti Ààfáà ni ọ̀kan.

Mo tẹ ibi tí a ń tẹ̀ kí dátà padà. Àwọn ìfiránṣẹ́ gúrúùpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

“Ìyá oníkọ́tìnì ti já o.”

“Wọ́n ti fa kọ́tìnì bo ara wọn ni.”

“Ẹ pè wọ́n, ẹ̀yin ará.”

“Mo pè wọ́n, ó ń dún, wọn ò gbé e.”

Lẹ́yìn náà ni ti Ààfáà: “Ìyá, ojú ìwé kìíní nìkan la gbọ́ lẹ́nu yín. A ti bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.”

Mo jókòó sórí ẹní náà. Ojú ìwé mẹ́rin. Mo kà wọ́n lọ́kàn ara mi: ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Mẹ́rin ni.

Ohun tí kò yé mi ni bí òdiwọ̀n náà ṣe pé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló kù kí oṣù parí. Mo mú fóònù náà lọ bá ọmọbìnrin oníbáńkì. Ó ń tú irun rẹ̀ lọ́wọ́, ìyàrun wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ mú un wá. Ẹ jẹ́ kí n rí ohun tó jẹ ẹ́.” Ó wò ó. “Mọ́mì, lánàá ni. Fídíò kọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta! Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ wo fídíò ìṣẹ́jú kan! Kí lẹ ń bá wọn sọ tó bẹ́ẹ̀?”

“Ọmọ ọmọ mi ni,” ni mo wí.

“Háà! Ó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa nìyẹn.”

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ọmọ ọmọ mi fi bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó fi bàtà rẹ̀ hàn mí, ó ní, “Grandma, bye-bye,” ó ju fóònù ìyá rẹ̀ sórí àga, ó sáré lọ. Kò sí ẹni tó pa á. Òkè àjà ilé wọn ni mò ń wò, ó funfun, fáànù ń yí níbẹ̀. Mo fẹ́ pa tèmi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, ó ń bá ọkọ rẹ̀ jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Mo gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń kan ṣíbí. Ọmọ náà kọ orin kan tí n kò mọ̀, bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù náà ti ìrọ̀rí, mo sì ń rán bọ́tìnì mọ́ àwọn ìrọ̀rí tí mo mú wálé láti ṣọ́ọ̀bù, àwọn náà ń bá tiwọn lọ nílé wọn. Ìgbà tí ẹnìkan wá fẹ́ lo fóònù ọ̀hún ló tó já. N kò wo iye tí mo lò lọ́jọ́ náà, èmi tí n kì í sùn láìwò ó.

“Ẹ má fajú ro bẹ́ẹ̀, Mọ́mì,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Ẹ bẹ Ààfáà yín kí ẹ tún un kà. Ẹ wá kà á níbí, mo ní wáífáì. Kò lè tán láé.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ló ní ká kà á.”

“Ẹ ṣáà bẹ̀ ẹ́! Ẹ̀yin náà!”

Mo padà sílé, mo kọ ọ́ pé: “Ààfáà, ẹ má bínú. Èmi ni mo sọ fún fóònù mi kó pa dátà. Kì í ṣe àìsí nẹ́tíwọ̀kì. Mo kà á tán, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ yín.” Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa, èyí tó máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún, ti kọ ọ́ sí mi pé Ọlọ́hun ti gbọ́ ọ, pé ìyẹn ló jù. Mo mọ̀ pé Ọlọ́hun gbọ́ ọ. Ènìyàn ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Kí Mọ̀gàríbà tó wọlé, Ààfáà fèsì: “Ojú ìwé kìíní dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ní ‘Ẹ padà’ kan. Ọ̀la, lẹ́yìn Àlàásárì, ẹ óò ka mẹ́rin tó kù.”

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ kà á ní ilé ọmọbìnrin oníbáńkì náà. Ó ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó lọ jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀ kó má baà dí mi lọ́wọ́. Mo gbé fóònù sí iwájú mi, ojú rẹ̀ sókè. Mo rí àmì wáífáì, mo rí i pé ohùn mi ń jáde. Mo bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ kejì ni Ààfáà ti ní, “Ẹ padà, Ìyá.” Ìyẹn di méjì. Ibi tí mo máa ń kọsẹ̀ sí, tí mo rò pé mo kọjá lánàá, ó ní kí n padà. Mo kà á bí mo ṣe kà á lánàá gẹ́lẹ́. Ó tún ní kí n padà. Mẹ́rin. Ní ojú ìwé kẹta ó di márùn-ún. Mo wá rọra ń kà á bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó tutù. Nígbà tó di ìlà kejì nínú ojú ìwé kẹrin, ó tún sọ ọ́.

“Ó di mẹ́fà, Ààfáà.”

“Mo mọ̀, Ìyá. Mò ń kà á. Ẹ parí rẹ̀ ná.”

Mo parí rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ibi kan náà tí ó ti ń dá mi padà ni mo ti kọjá lánàá tí inú mi ń dùn.

“Ìyá,” ni ó wí.

“Mo ń gbọ́, Ààfáà.”

“Bí mo bá fi yín kún wọn, àwọn yòókù á ní mo ṣojúsàájú. Wọ́n á sì jàre.”

“Ẹ má fi mí kún wọn. Márùn-ún lẹ sọ.”

Mo ń gbọ́ ariwo ọjà níbi tó wà. Obìnrin kan ń pè é, ó ní, “Ààfáà, ata mi ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀ o! Ṣé kó rà sí yín lọ́rùn ni?” Ó dá a lóhùn pé, “Sùúrù, ìyàwó, ata kì í sá lọ.” Ó padà sọ́dọ̀ mi.

“Ta ló ń gbọ́ yín nílé, tí ẹ bá ń kà á?”

Ọmọbìnrin náà ń ṣí omi ẹ̀rọ nínú ilé ìdáná, ó tì í.

“Kò sí ẹnikẹ́ni, Ààfáà.”

“Mo fura. Àṣìṣe yín kì í ṣe ti àìmọ̀. Ẹ ti kọ́ ọ mọ́ra ni. Ẹni tó bá ń dá kà, etí rẹ̀ á máa gbè sẹ́yìn ẹnu rẹ̀. Ìyá, ẹ máa pè mí láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbá. Ojú ìwé kan péré. Kì í ṣe kíláàsì, kì í ṣe orí dátà. Ìpè lásán ni kí ẹ pè mí. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, a óò wò ó.”

“Ẹ ṣeun, Ààfáà. Ṣé kò ní dí yín lọ́wọ́?”

“Kò ní dí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tètè pè o, Ìyá, kí n tó tan ẹ̀rọ ata. Bí mo bá ti tan án, mi ò lè gbọ́ yín mọ́.”